Pípàgọ́ nínú àfonífojì aṣálẹ̀: omi ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò

"Irú àgọ́ wo ni kí n rà?" Ìbéèrè yìí ni ẹ máa ń bi mí jù lọ. Ìbéèrè ni èmi náà fi máa ń dá a lóhùn: lítà omi mélòó ni ẹ lè gbé lẹ́yìn, ibo sì ni ẹ ó ti pọn òmíràn bí ìyẹn bá tán? Ẹni tí kò ní àgọ́ rárá lè sun oorun àsùnwọra lórí yanrìn aṣálẹ̀. Ẹni tí omi rẹ̀ bá tán lówùúrọ̀ lè ṣubú kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ibi tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àfonífojì tí odò tàbí àgbàrá ti gbẹ́ sínú àpáta, tí ògiri òkúta dìde sí ọ̀tún àti òsì, tó sì jìnnà sí ọ̀nà mọ́tò. Kò sí ẹ̀rọ omi níbẹ̀, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Wọ́n pọ̀ ní Utah àti Arizona ní Amẹ́ríkà. Nàmíbíà ní tirẹ̀, Jọ́dánì náà ní. Ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí wúlò ní gbogbo wọn. Òfin àti àsìkò ló máa ń yàtọ̀.

Bí ẹ kò bá tíì sùn níta rí, ẹ má fi èyí bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sùn níbi tí ọkọ̀ yín wà nítòsí fún òru méjì mẹ́ta, kí ẹ mọ bí sítóòfù yín ṣe ń tàn àti bí òtútù òru ṣe ń rí lára yín.

## Àsìkò wo ni kí ẹ lọ?

Ìgbà tí oòrùn kò mú jù, tí òjò ààrá kò sì wọ́pọ̀, ni ẹ ń wá. Ní Utah àti Arizona, oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún dára, oṣù Kẹwàá náà dára. Láti àárín oṣù Kẹfà títí di òpin oṣù Kẹsàn-án ni òjò ààrá máa ń wọ́pọ̀ níbẹ̀, ọ̀sán ló sì sábà máa ń rọ̀. Ní Fish River Canyon ní Nàmíbíà, láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án nìkan ni wọ́n ń gba ènìyàn láàyè láti rin ọ̀nà gígùn inú rẹ̀, nítorí ooru ìgbà yòókù kò ṣeé fara dà.

Ẹ má sì fi ojú ọjọ́ etí òkè díwọ̀n ti ìsàlẹ̀. Ní Grand Canyon ní Arizona, ìsàlẹ̀ lè fi nǹkan bí 11°C gbóná ju etí òkè lọ. Ẹni tó gbọ́ pé atẹ́gùn tútù ń fẹ́ ní ibi tí ọkọ̀ dúró sí lè sọ̀ kalẹ̀ bọ́ sínú ààrò.

## Kí ẹ tó kúrò nílé

1. Ẹ gba ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ àfonífojì ló ní iye ènìyàn tí wọ́n ń gbà wọlé lójúmọ́. Ìwé náà ló máa ń sọ ibi tí ẹ lè sùn, bóyá ẹ lè dá iná, àti ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ìgbẹ́ yín ṣe. Ẹ kà á tán, ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ jáde.
2. Ẹ pe ọ́fíìsì tó ń bójú tó ibẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Ìsun wo ló ní omi *ní ọ̀sẹ̀ yìí*? Ṣé ọ̀nà tó dé ibẹ̀ ṣeé gbà? Ṣé òkúta ya tàbí ohunkóhun yí padà nínú àfonífojì láìpẹ́? Ìròyìn omi tó ti pé oṣù méjì kò yàtọ̀ sí àìmọ̀.
3. Ẹ sàmì sí gbogbo ibi tí ènìyàn lè gbà gòkè jáde lórí máàpù bébà. Nínú àfonífojì kan, ẹ lè rìn kìlómítà 15 láìrí ibi kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ lè gùn. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ẹ tó wọ̀ ọ́.
4. Ẹ kọ ètò yín sílẹ̀ fún ẹnì kan tó ṣeé gbọ́kàn lé: ibi tí ọkọ̀ yóò wà àti nọ́ńbà rẹ̀, ọ̀nà tí ẹ ó gbà, ibi tí ẹ ó sùn ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ ó jáde, pẹ̀lú wákàtí tí ó gbọ́dọ̀ pe àwọn adóòlà bí kò bá gbúròó yín.

Ẹ má fi ìgbésẹ̀ kẹrin ṣeré. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2003, òkúta ńlá kan yẹ̀, ó sì há ọwọ́ Aron Ralston mọ́ ògiri nínú Bluejohn Canyon ní Utah. Kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọn ì bá ti wá a. Ó lé ní ọjọ́ márùn-ún tó fi wà níbẹ̀ kí ó tó gé ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó lè jáde láàyè.

## Ìṣirò omi

Lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lóòjọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. Bí oòrùn bá mú, tàbí tí ẹ̀ ń gun òkè, ẹ kà á sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi oúnjẹ wà nínú iye yìí. Omi ìwẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Wàyí o, lítà omi kan wọn kìlógíráàmù kan. Òru méjì túmọ̀ sí ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta sì túmọ̀ sí lítà 12 ó kéré tán. Kìlógíráàmù 12 nìyẹn, kí ẹ tó ki oúnjẹ, àpò ìsùn àti àgọ́ bọ inú ẹrù. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ju òru méjì lọ nínú àfonífojì tó gbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ yan èyí tó ní ìsun tí kì í gbẹ, kí ẹ sì ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń lọ.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

1. Ẹ to àwọn ibi omi sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, pẹ̀lú wákàtí ìrìn tó wà láàárín wọn.
2. Ẹ pín wọn sí mẹ́ta. Èkíní ni odò tó ń ṣàn tàbí ìsun tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èkejì ni ìsun tó máa ń gbẹ nígbà míràn. Ẹ̀kẹta ni kòtò orí àpáta tí òjò máa ń kún. Ìyẹn lè wà lónìí kí oòrùn ti fà á gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀.
3. Ẹ máa ka ẹ̀kẹta sí òfo, ẹ má fi èkejì nìkan ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé.
4. Nígbàkigbà tí ẹ bá ń kúrò níbi omi kan, ẹ gbé èyí tó máa gbé yín dé ibi omi tó kàn tó sì máa dá yín padà bí ẹ bá bá a ní gbígbẹ.
5. Ẹ pín omi sínú ìgò mẹ́ta ó kéré tán. Àpò omi kan ṣoṣo tó bẹ́ sórí òkúta lè fòpin sí ìrìn àjò.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà tí ẹ gbà sọ̀ kalẹ̀ náà ni ẹ ó gbà gòkè, tí òfin ibẹ̀ sì fàyè gbà á, ẹ lè fi omi pa mọ́ sábẹ́ òjìji òkúta lójú ọ̀nà de ìgbà tí ẹ bá ń padà bọ̀. Ẹ kọ orúkọ yín àti déètì sára ìgò náà. Ẹ sì rí i pé ẹ kó òfìfo rẹ̀ jáde.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: kí òùngbẹ máa gbẹ ènìyàn kí ó sì máa ṣọ́ omi lò. Inú ara ni omi ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tó wà nínú ìgò kò ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Bí omi bá kù díẹ̀, ẹ dín ìrìn kù, ẹ jókòó sábẹ́ òjìji títí oòrùn yóò fi rọ̀, kí ẹ sì máa mu díẹ̀díẹ̀ bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín.

## Ẹrù

Mi ò ní to gbogbo ohun tí wọ́n ń tà. Àwọn tí mo máa ń rí i pé ènìyàn gbàgbé ni mo kọ síbí:

- àkẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀, àti ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn tó fúyẹ́
- aṣọ òtútù, torí pé aṣálẹ̀ tó jó yín lọ́sàn-án lè mú yín gbọ̀n lóru
- tọ́ọ̀ṣì orí pẹ̀lú bátìrì mìíràn
- ẹ̀mú kékeré fún yíyọ ẹ̀gún, nítorí gbogbo nǹkan tó ń hù níbẹ̀ ló ní ẹ̀gún
- ike oúnjẹ tó le, tí eku kò lè jẹ wọ̀
- àpò ìkógbẹ̀ẹ́ (mo ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀)
- fèrè àti dígí kékeré fún pípe àkíyèsí
- ẹ̀rọ sátẹ́láìtì tó lè fi ìpè fún ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́

Nípa ẹ̀rọ sátẹ́láìtì yìí: ó ní láti rí ojú ọ̀run kí ó tó ṣiṣẹ́. Níbi tí àfonífojì bá ti fún, ìpè lè má lọ, ẹ̀rọ GPS náà sì lè fi yín sí ibi tí ẹ kò sí. Ẹ máa sàmì sí ibi tí ojú ọ̀run ti là gbayawu bí ẹ ṣe ń kọjá, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó sáré gbà bí ọ̀ràn bá dé.

## Wíwọ inú àfonífojì

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí. Láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, abẹ́ òjìji ló yẹ yín bí ooru bá mú.
2. Ẹ ka wákàtí tí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ di méjì fún gígòkè.
3. Ẹ má fò kalẹ̀, ẹ má sì yọ̀ kalẹ̀, láti orí àpáta tí ẹ kò lè gùn padà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń há: wọ́n fò bọ́ sílẹ̀ ní ibì kan, wọ́n rìn síwájú, wọ́n dé ibi tí ilẹ̀ já sí ọ̀gbun, ẹ̀yìn kò sì ṣeé padà sí mọ́.
4. Ẹ máa wẹ̀yìn wò. Oríta àfonífojì kì í jọ ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀.
5. Bí ẹsẹ̀ bá rì sínú yanrìn rírọ̀ létí omi, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ ju ẹrù sílẹ̀, ẹ fẹ̀yìn tì bí ẹni fẹ́ jókòó, kí ẹ máa mi ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ kí omi lè ráyè wọ àárín yanrìn.

## Yíyan ibi tí ẹ ó sùn

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà jù lọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ibi tó tẹ́jú jù, tí yanrìn rẹ̀ mọ́ tó sì rọ̀, ni ọkàn mi fà sí. Mo ti ń tú okùn àgọ́ nígbà tí ẹni tí a jọ lọ ní kí n gbójú sókè. Igi gbígbẹ kan há sí àárín òkúta, ó ga ju orí mi lọ dáadáa. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tó gbé e síbẹ̀, omi ni. Àgbàrá ló tẹ́ yanrìn tó mọ́ yẹn bẹ́ẹ̀, ó sì ń bọ̀ wá tún un tẹ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Àgbàrá aṣálẹ̀ kì í dúró de òjò orí yín. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, àpáta ló pọ̀ jù, omi kì í wọlẹ̀ kíákíá. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ lórí òkè yóò ṣàn bọ́ sínú ihò tóóró kan náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, arìnrìn-àjò 11 ló bá àgbàrá lọ ní Lower Antelope Canyon ní Arizona. Ọ̀nà jíjìn lókè ni òjò ńlá náà ti rọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, gbogbo àwọn méje tó jọ wọ Keyhole Canyon nínú ọgbà Zion ní Utah ló ṣòfò sínú àgbàrá.

Bí ẹ ó ṣe ka ilẹ̀:

1. Ẹ wá ìlà omi. Ẹ wo koríko àti ẹ̀ka igi tó há sínú ihò àpáta, ẹrẹ̀ gbígbẹ lára ògiri, igi kéékèèké tí gbogbo wọn tẹ̀ sí ìhà kan náà. Ibi tó ga jù nínú wọn ni ìlà yín.
2. Ẹ sùn lórí pèpéle àpáta tàbí ilẹ̀ gíga tó kọjá ìlà náà dáadáa. Kí ó sì tún ní ibi tí ẹ lè gbà gòkè sí i. Pèpéle tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ògiri gbọnrangandan lè di erékùṣù.
3. Ẹ wo òkè orí yín. Bí òkúta tójú rẹ̀ ṣì mọ́, tí kò tíì ṣú, bá wà nílẹ̀ níbẹ̀, òkè náà ń já bọ́ nìyẹn. Ẹ sún kúrò.
4. Ẹ jìnnà sí omi tó nǹkan bí mítà 60 bí àyè bá gbà. Àwọn ẹranko ń dúró de òru kí wọ́n lè wá mumi. Bí ẹ bá sùn lẹ́nu odò wọn, wọn kì í wá.
5. Ẹ tẹ àpáta, yanrìn tàbí ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti sùn rí. Ẹ máa rí èèpẹ̀ dúdú kan tó rí ṣákiṣàki lójú ilẹ̀. Ohun alààyè ni. Òun ló ń di ilẹ̀ mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, bí ẹsẹ̀ bá sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó padà sípò.
6. Ẹ ronú nípa òtútù àti òjìji. Atẹ́gùn tútù máa ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ lóru, nítorí náà pèpéle tó ga díẹ̀ máa ń móoru ju ìsàlẹ̀ pátápátá lọ.

Nínú àfonífojì tó fún débi pé apá yín kan ògiri méjèèjì, ẹ má sùn rárá. Ẹ kọjá rẹ̀ ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, kí ẹ má sì wọ̀ ọ́ bí wọ́n bá kéde òjò níbikíbi tí omi rẹ̀ ti ń ṣàn wá. Omi inú irú ibẹ̀ a máa tutù nini. Ẹni tó bá fi wákàtí mélòó kan rìn nínú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà tí oòrùn ń ran lókè.

### Bí àgbàrá bá ń bọ̀

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn àmì rẹ̀ nìyí:

- omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ di pupa tàbí ó rú lójijì
- ewé àti ẹ̀ka igi ń ṣàn bọ̀
- omi ń ga díẹ̀díẹ̀
- ariwo bí ọkọ̀ ńlá láti òkè odò, tàbí atẹ́gùn tútù tó dédé fẹ́ wá

Bí ẹ bá rí ọ̀kan péré, ẹ gòkè lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sá tẹ̀lé ọ̀nà omi lọ sísàlẹ̀, torí ẹsẹ̀ yín kò lè yá ju tirẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹrù sílẹ̀ bí kò bá sí lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá dé òkè, ẹ dúró títí omi yóò fi fà. Ìgbì kejì lè ga ju ti àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má sọ̀ kalẹ̀ wá gbé bàtà. Ẹ má sì gbìyànjú láti la odò tó ń ru kọjá nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú.

## Pípa àgọ́ lórí yanrìn

Èèkàn lásán kì í dúró nínú yanrìn. Ẹ fi yanrìn kún àpò kékeré, ẹ so okùn àgọ́ mọ́ ọn, kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀. Lórí àpáta, ẹ so okùn mọ́ òkúta ńlá. Ẹ dá gbogbo òkúta padà sáyè wọn lówùúrọ̀.

Bí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ lè fi àgọ́ sílẹ̀ kí ẹ tẹ́ ẹní sórí ọ̀rá kí ẹ sì sùn bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ràn láti máa sùn nìyẹn: ìràwọ̀ ibẹ̀ pọ̀ débi pé mi ò fẹ́ fi aṣọ bò wọ́n.

## Omi tó ṣeé mu

Omi àfonífojì sábà máa ń ní ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ sì máa ń dí asẹ́ omi. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí:

1. Ẹ pọn omi sínú ìkòkò tàbí àpò, kí ẹ jẹ́ kí ó tòrò. Bí ó bá ṣú gan-an, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Ìwọ̀nba álọ́ọ̀mù díẹ̀ máa ń mú kí ó yá.
2. Ẹ rọra da èyí tó tòrò sínú ohun mìíràn gba inú aṣọ mímọ́.
3. Ẹ fi asẹ́ omi sẹ́ ẹ, tàbí kí ẹ sè é títí yóò fi hó gan-an fún ìṣẹ́jú kan (ìṣẹ́jú mẹ́ta bí ibẹ̀ bá ga ju mítà 2,000 lọ), tàbí kí ẹ lo tábúlẹ́tì chlorine dioxide. Tábúlẹ́tì náà nílò wákàtí mẹ́rin kí ó tó pa gbogbo kòkòrò tó yẹ kí ó pa. Ẹ má mu ún ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí òru bá tutù débi tí omi lè dì, ẹ gbé asẹ́ wọ inú àpò ìsùn. Bí omi bá dì nínú rẹ̀, ó lè fọ́ sínú láìhàn sójú, ẹ ó sì máa mu àìsàn láìmọ̀.

Oró kan wà tí asẹ́ àti sísè kò lè mú kúrò. Àwọn ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù lára òkúta inú omi ló ń tú u jáde. Láti ọdún 2020 ni ọgbà Zion ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ lórí odò Virgin. Bí wọ́n bá fi irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ síta, ẹ gbé gbogbo omi yín láti ìta wọlé.

Ẹ má wẹ̀ nínú kòtò omi orí àpáta, ẹ má sì ti ọwọ́ tó ní ìpara bọ̀ ọ́. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké ń gbé inú rẹ̀, kò sì sí omi mìíràn tí yóò fọ̀ ọ́ mọ́.

## Iná àti oúnjẹ

Sítóòfù ni kí ẹ gbé. Iná igi jẹ́ èèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, títí kan gbogbo ibi ìpàgọ́ tó jìnnà sí títì nínú Grand Canyon. Níbi tí wọn kò ti kà á léèwọ̀ pàápàá, igi kò pọ̀ ní aṣálẹ̀, èérú dúdú kì í sì í tètè kúrò lára àpáta. Ẹni tí omi rẹ̀ kò pọ̀ lè fi sítóòfù sílẹ̀ pátápátá kó sì gbé oúnjẹ tí kò nílò sísè. Oúnjẹ tó ní iyọ̀ ni kí ẹ yàn.

Ẹ kó gbogbo oúnjẹ sínú ike líle. Eku máa ń jẹ àpò wọlé, ẹyẹ ìwò sì gbọ́n débi pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń fa síìpù.

## Ìgbọ̀nsẹ̀

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń tijú láti béèrè ni, mo sì fẹ́ kí ẹ máa béèrè rẹ̀. Ìgbẹ́ kì í tètè jẹrà nínú ilẹ̀ gbígbẹ, àgbàrá tó bá dé yóò sì gbé e lọ sínú omi tí ẹlòmíràn fẹ́ mu.

Èyí tí mo fọwọ́ sí jù ni àpò ìkógbẹ̀ẹ́: àpò onípele méjì tí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ máa ń sọ ìgbẹ́ di ohun líle tí kì í rùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe é sínú rẹ̀, ẹ dì í, ẹ gbé e jáde. Àwọn àfonífojì tóóró kan sọ ọ́ di dandan.

Níbi tí wọ́n bá gbà kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀, kí ihò náà jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ó sì jìnnà sí omi, ojú àgbàrá àti ibùsùn tó mítà 60. Tíṣù kò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Inú àpò ọ̀rá ni tíṣù ń lọ. Ẹ má sì jó o: iná tíṣù ti di iná tó jó igbó rí.

## Àkekèé, ejò àti eku

- Ẹ gbọn bàtà, aṣọ àti àpò ìsùn kí ẹ tó wọ̀ wọ́n. Ẹ má fi bàtà sílẹ̀ ní ẹnu ṣíṣí lóru.
- Iná aláwọ̀ àlùkò tó ń jẹ́ UV máa ń mú kí àkekèé tàn yanran nínú òkùnkùn. Ẹ fi yẹ àyíká ibùsùn wò kí ẹ tó sùn.
- Ẹ má ki ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ ibi tí ojú yín kò rí, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń gun àpáta.
- Ẹ má sùn nínú ihò àpáta tí ìgbẹ́ eku wà. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó burú lè ti inú eruku rẹ̀ wá.

Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ: ẹ kúrò lọ́dọ̀ ejò náà, ẹ bọ́ òrùka àti aago, ẹ jẹ́ kí ẹni náà jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ fi ẹ̀rọ sátẹ́láìtì pe ìrànlọ́wọ́. Ẹ má gé ojú rẹ̀, ẹ má fi ẹnu fa oró, ẹ má fi okùn dè é. Oògùn tó ń pa oró náà, ilé ìwòsàn ló wà.

## Bí ara bá ń yọnu

Àárẹ̀ ooru: orí fífọ́, òòyì, èébì, pajápajá, òógùn púpọ̀. Ẹ wọ abẹ́ òjìji, ẹ tú bàtà, ẹ rẹ aṣọ sínú omi kí ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ mumi kí ẹ sì jẹ ohun oníyọ̀. Ìrìn ti parí fún ọ̀sán yẹn.

Ooru tó ti wọ agbárí: bí ẹni náà bá ń sọ ìsọkúsọ, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tó dákú, ikú ti sún mọ́ tòsí. Ẹ da omi lé e lórí àti lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ pe ìrànlọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rọ omi sí ẹni tó dákú lẹ́nu.

Omi púpọ̀ láìsí iyọ̀: èyí máa ń dàrú mọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹni náà ti mumi gan-an, ó ń tọ̀ léraléra, ìka rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, èébì ń gbé e. Bí ẹ bá fún un ní omi sí i, ẹ óò dá kún un. Ohun oníyọ̀ ló nílò, pẹ̀lú ìsinmi. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ẹ pe ìrànlọ́wọ́.

## Ọjọ́ tí ẹ ó jáde

1. Ẹ di ẹrù lálẹ́ àná. Ẹ pọn gbogbo ìgò kún kí ẹ tó sùn.
2. Ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì orí.
3. Ẹ rìn yí ibùdó po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kó ìdọ̀tí tín-ínrín, títí kan okùn àti èèpo, ẹ fi ẹ̀ka gbígbẹ pa ojú ẹsẹ̀ rẹ́ lórí yanrìn.
4. Ẹ máa jẹ díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń gòkè. Ẹni tó lọ́ra jù ni kí ó ṣáájú.
5. Ẹ fi omi lítà márùn-ún sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ wọlé, kí ó máa dúró dè yín.
6. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ti wọlé, kí ẹ tó fi fọ́tò kankan ránṣẹ́, ẹ pe ẹni tí ẹ fún ní ètò yín kí ó lè mọ̀ pé ẹ ti jáde.